Ìsinmi Alágbàṣe Lábẹ́ Oòrùn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Àkúrẹ́ àti Oǹdó, oko kòkó ní ibòji. Oko iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán kò ní. Nígbà tí oòrùn bá mú ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún, alágbàṣe tí ń gbowó lórí iye ebè kì í fẹ́ sinmi. Ẹ̀yin ni kí ẹ dá a dúró. Ìpín 13 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa pàṣẹ pé, bí iṣẹ́ òòjọ́ bá tó wákàtí 6, ìsinmi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 1. Ẹ pèsè omi mímu. Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú, ẹ má pè é ní ọ̀mùtí: ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.