Ọdán Lórí Pẹpẹ Kànkéré

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé Àbújá ni kò ní ilẹ̀ tí wọ́n lè gbin igi sí. Síbẹ̀, ọdán, igi ojúde ọba, lè gbé orí pẹpẹ kànkéré gẹ́gẹ́ bí igi aràrá tí àwọn ará Japan ń tọ́, nítorí ó máa ń hù lórí àpáta pàápàá.

Ẹ po sìmẹ́ǹtì òṣùwọ̀n 1 mọ́ yanrìn òṣùwọ̀n 3. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá, ẹ fi wáyà sí àárín rẹ̀, ẹ mọ etí yí i ká, kí ẹ sì dá ihò sí i fún omi. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ 7. Bí ọyẹ́ bá tètè mú un gbẹ, yóò sán. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà, kí oró sìmẹ́ǹtì má baà pa gbòǹgbò.

Bí onílé bá ní kí ẹ kó jáde, ẹ ó gbé ọdán yín dání.