Ǹjẹ́ Iṣẹ́ Ìṣẹ̀dá Ti Parí?

Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyí: ǹjẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ti parí, àbí ó ṣì ń lọ lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ kí a wo alumíníọ̀mù tí a fi ń ṣe ìkòkò. Èyí kì í yí padà. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ ìyá kan, alumíníọ̀mù-26, tí ìdajì rẹ̀ ń di magnísíọ̀mù láàárín nǹkan bí 700,000 ọdún. Bí ó ti ń yí padà ni ó ń tan ìtànṣán gamma. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí ìtànṣán náà dé ilẹ̀. Sátẹ́láìtì ni a fi ń wò ó. HEAO-3, tí Amẹ́ríkà rán lọ ní 1979, ni ó kọ́kọ́ dá a mọ̀. INTEGRAL ti ilẹ̀ Yúróòpù sì ń ṣọ́ ọ láti 2002 títí di 2025.

Agbo ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀ ti ju bílíọ̀nù 10 ọdún lọ. Bí ó bá jẹ́ ní ìgbà ìwáṣẹ̀ nìkan ni a rọ alumíníọ̀mù-26, ìbá ti tán pátápátá. Ẹni tí ó dé àgbẹ̀dẹ tí ó bá irin tí ó ṣì pọ́n mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ kò tíì jìnnà. Àwọn ìràwọ̀ ńláńlá ṣì ń rọ ọ́, wọ́n sì ń tú u sí òfuurufú. Ìdáhùn mi, nítorí náà, ni pé ìṣẹ̀dá kò tíì parí.