Bí A Ṣe Ń Mọ Ìwọ̀n Sódà Inú Omi Láti Ara pH

Ìṣirò kan wà nínú kẹ́mísírì tí ọ̀pọ̀ wa ti kọ́, tí a sì ti gbàgbé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò parí sí gbọ̀ngàn ìdánwò, nítorí sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ wà nínú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì lè bó awọ ara, kí ó sì fọ́ ojú.

Ní ọdún 1909 ni Sørensen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Dẹ́ńmáàkì, gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀. Ní ìwọ̀n ooru 25°C, omi tí kò lábùlà wà ní 7. Ohun kíkan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò tó 7. Béèsì bí omi eérú ju 7 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú omi sódà, NaOH, tí pH rẹ̀ jẹ́ 13. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ 10⁻¹³ lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n H⁺ ni ìyẹn, kì í ṣe ti sódà. Ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ yọ pH kúrò nínú 14:

14 − 13 = 1

Èyí ni pOH. Lẹ́yìn náà:

10⁻¹ = 0.1 móòlù OH⁻ nínú lítà kan

Béèsì alágbára ni sódà: gbogbo rẹ̀ ni ó ń tú ká nínú omi, NaOH kan sì ń mú OH⁻ kan jáde. Nítorí náà, 0.1 móòlù ni sódà náà. Gíráàmù 40 ni móòlù kan rẹ̀. Gíráàmù 4 ni ó wà nínú lítà náà. Bí ó bá jẹ́ Ca(OH)₂, tí ń mú OH⁻ méjì jáde, a ó pín ìwọ̀n OH⁻ sí méjì.

Bí a bá bu lítà omi kan kún lítà kan yìí ńkọ́? Ìdajì 0.1 ni 0.05, ṣùgbọ́n pH rẹ̀ ṣì jẹ́ 12.7! Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí 12, lítà kan gbọ́dọ̀ di mẹ́wàá. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo nọ́ńbà náà. Ẹ gbé sódà jìnnà sí ọmọdé. Bí ó bá ta sí ojú tàbí ara, ẹ fi ọ̀pọ̀ omi tí ń ṣàn fọ̀ ọ́ láìdáwọ́dúró, kí ẹ sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run tí ó fún wa ní ọgbọ́n láti wọn nǹkan yóò pa àwọn ọmọ wa mọ́.