Kí ẹ tó sọ ọtí pípọn di òwò: Ken Grossman da bíà nù bí ìgbà mẹ́wàá kó tó gbé e fún oníbàárà

Ẹni tí kò bá lè da ọtí tó fọwọ́ ara rẹ̀ pọn nù, kó má wulẹ̀ dá òwò ọtí sílẹ̀. Ohun tí ìtàn Ken Grossman fi yé àwọn oníṣòwò kéékèèké nìyẹn. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà yìí ti ń pọn bíà mu nínú ilé tipẹ́ kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Paul Camusi, tó dá iléeṣẹ́ Sierra Nevada sílẹ̀ nílùú Chico, ní ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1979. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà tí wọ́n ń pè ní pale ale, láti ìparí ọdún 1980, bí ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n pọn ọ́n tí wọ́n tún dà á nù, nítorí pé ti òní kì í dọ́gba pẹ̀lú ti àná. Owó ẹbí àti ọ̀rẹ́ wà nínú òwò náà o, síbẹ̀ wọn ò tà á.

Grossman kò ṣàdédé bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló kọ́kọ́ ṣí ní Chico lọ́dún 1976, níbi tó ti ń ta irinṣẹ́ àti èròjà fáwọn tó ń pọntí nílé. Oṣù kẹwàá ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter tó buwọ́ lu òfin tó fàyè gba ará Amẹ́ríkà láti pọn bíà nínú ilé, fún mímu o, kì í ṣe fún títà. Nígbà tí iléeṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sówó ẹ̀rọ tuntun. Àlòkù táńkì àwọn tó ń ṣe mílíìkì ni wọ́n rà, Grossman sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin kó lè tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ òyìnbó yẹn dẹ́rù bà yín. Star tí wọ́n kọ́kọ́ pọn ní Èkó lọ́dún 1949, lager ni. Ìwúkàrà, ìyẹn yíìsì, tó ń ṣiṣẹ́ nínú lager fẹ́ òtútù gan-an, ó sì máa ń pẹ́. Ti ale kò le tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n 18 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló fẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì sì ti tó o. Ìdí nìyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ale.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tàbí bùrùkùtù ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà: wọ́n á rẹ ọkà, á hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á jẹ́ kó kan. Ọkà báálì tí wọ́n ti hù tí wọ́n sì ti gbẹ ni wọ́n ń fi ṣe pale ale. Fún lítà 20, èèyàn á nílò bíi kílò mẹ́rin ààbọ̀, tí wọ́n lọ̀ láìjẹ́ kó kúnná. Wọ́n á rẹ ẹ́ fún wákàtí kan nínú omi tó gbóná dé ìwọ̀n 66 sí 67. Kí omi yìí má hó o, torí híhó á pa agbára inú ọkà tó ń sọ ọ́ di ṣúgà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á sẹ́ omi aládùn náà, wọ́n á sè é fún wákàtí kan, wọ́n á sì máa da òdòdó hops sí i, bíi gíráàmù 50 lápapọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń mú un korò, èyí tí wọ́n bá dà sí i nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ̀ ọ́ ló ń fún un ní òórùn. Cascade ni Grossman lò, irú hops kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1972. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti èèpo ọsàn, òun ló sì mú kí bíà rẹ̀ yàtọ̀ lẹ́nu àwọn tí lager ti mọ́ lára.

Bí wọ́n bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìmọ́tótó ló kù. Wọ́n á gbé ìkòkò sínú omi yìnyín kó tètè tutù dé ìwọ̀n 20, kí wọ́n tó da ìwúkàrà sí i. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ohun tó bá máa kàn án, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdérí, rọ́bà, ṣíbí, gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì tún fi oògùn apakòkòrò ṣàn. Ọṣẹ nìkan kò tó. Kòkòrò tí ojú kò rí ló ń sọ lítà 20 di ọtí kíkan lóru ọjọ́ kan sí méjì.

Ooru ni ìṣòro tiwa níhìn-ín. Yàrá tó ń gbóná dé ìwọ̀n 30 lọ́sàn-án, ní Ìbàdàn tàbí Èkó, yóò jẹ́ kí ìwúkàrà ale sáré jù, bíà náà á máa ta sùn-ùn bí ògógóró, bẹ́ẹ̀ ọtí tó ń kan náà tún ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú agbada omi, wọ́n á máa ju ìgò omi dídì sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Owó yìnyín àti epo jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò, nítorí àwọn ni wọ́n ń jẹ èrè tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ìwúkàrà kan tún wà láti ilẹ̀ Norway, kveik lorúkọ rẹ̀, tí ìwọ̀n 35 kì í dà láàmú.

Kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìgò, ó gbọ́dọ̀ ti kan tán. Hydrometer, irinṣẹ́ gíláàsì kékeré kan, ló ń fi í hàn: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti tán. Ṣúgà gíráàmù 120 nínú lítà 20 ló ń mú un hó nínú ìgò. Ẹni tó bá kánjú, tàbí tó fọwọ́ dá ṣúgà wọ̀n, ìgò lè bú gbàmù mọ́ ọn lójú.

Títà wá di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bíà tí wọ́n bá rọ sígò fún ọjà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, ìjọba àpapọ̀ sì ń gba owó orí lórí rẹ̀. Ìlú òyìnbó ni hops ti ń wá, owó dọ́là ló sì ń pinnu iye rẹ̀. Báálì náà kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó báálì wọlé lọ́dún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá yíjú sí. Ọkà bàbà fẹ́ iná ju báálì lọ, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ sè é lọ́tọ̀ títí á fi rọ̀, á tutù dé ìwọ̀n 66, kí wọ́n tó pò ó mọ́ báálì tó máa bá a sọ ọ́ di ṣúgà. Kílò kan péré nínú mẹ́rin ààbọ̀ ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ fi dán an wò.