Ẹ̀kọ́ Ìtàn ní SS: Ohun tó yẹ kí òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹdẹ mọ̀

Bí ìforúkọsílẹ̀ WAEC bá ti fẹ́ parí ni àwọn òbí máa ń sáré dé pé kí wọ́n bá àwọn fi Ìtàn kún ẹ̀kọ́ ọmọ àwọn, tàbí kí wọ́n fi í dípò Gọ́fúmẹ́ǹtì. Nígbà náà, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

SS1 ni wọ́n ti ń yàn án

SS1 ni ọmọ ti ń yan ẹ̀kọ́ tí yóò ṣe títí dé ìdánwò. Kì í ṣe SS3. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, òun náà ló sì ń fi máàkì iṣẹ́ kíláàsì ránṣẹ́ sí WAEC. Ọmọ tí kò jókòó ní kíláàsì Ìtàn rí, máàkì wo ni olùkọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́? Ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ló kéré jù, mẹ́sàn-án ló pọ̀ jù. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti pé mẹ́sàn-án, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde kí Ìtàn tó wọlé.

Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ló ní olùkọ́ Ìtàn. Kí òbí lọ bi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ léèrè kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ SS1.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tẹ orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jáde, kí òbí àti ọmọ jọ fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n ṣe kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, àti ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí “Government” bá wà níbi tó yẹ kí “History” wà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ má ṣe san owó fún alárinà

Kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tàbí níwájú kàfé tó lè ṣí ìforúkọsílẹ̀ tó ti parí. Ẹni tó bá ní òun yóò gba ẹ̀yìn fi Ìtàn sí i, owó tí wọ́n bá fún un ti wọgbó nìyẹn.

Ta ló lè ṣe é?

Sáà 2009/2010 ni wọ́n yọ Ìtàn kúrò ní kíláàsì kékeré, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá a padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí èyí, àwọn kan rò pé ọmọ tí kò ṣe é ní JSS kò lè ṣe é ní SS. Ó lè ṣe é.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń gba Ìtàn tàbí Gọ́fúmẹ́ǹtì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́. Ẹni tó ń lépa ìmọ̀ Òfin, Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. IBASS, ojú-ìwé JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí wọ́n ti yẹ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ wò.

Ohun tí wọ́n ń kọ́

Ọmọ Ẹdẹ kì í ṣe àlejò nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́, tí ìtàn ìlú sọ pé ó rán Tìmì Àgbàlé wá sí Ẹdẹ, wà níbẹ̀. Ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, náà wà níbẹ̀. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì láti 1946 sí 1975, máa ń lu ìlù fúnra rẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá: irú àkọsílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn ń lò nìyẹn.

Ẹni tó ti pẹ́

Ẹni tó ti parí SS3 láìṣe Ìtàn lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC ti àwọn tó ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èkejì lẹ́yìn ìdajì ọdún.