Bí ìjọba bá ń fún wa lówó lóṣooṣù, ṣé a ó ṣì máa jí lọ síbi iṣẹ́?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni èrò ti máa ń kún ibùdókọ̀ Ìkòtún. Ẹni tó ń lọ sí Òṣòdì ń sáré, ẹni tó ń lọ sí Cele ń sáré, àwọn ará Ìgándò àti Ẹgbẹ́dá náà ń jà du àyè nínú dánfó. Ẹ wá rò ó wò ná, kí ìjọba sọ fún gbogbo èrò yìí pé láti oṣù tó ń bọ̀, àtolówó àti tálákà, àtọkọ àtìyàwó, kálukú yóò máa gba iye owó kan lóṣooṣù, ó ń ṣiṣẹ́ o, kò ṣiṣẹ́ o. Ṣé wọ́n á ṣì máa jí? Àbí gbogbo wọn máa na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n máa retí álẹ́ẹ̀tì?

Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní universal basic income nìyẹn. Irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà rí o. Èyí tí wọ́n mọ̀ níbí ni owó tí wọ́n ń pín fáwọn tórúkọ wọn bá bọ́ sínú ìwé aláìní. Láyé Buhari, láti ìparí 2016, N5,000 lóṣù ni, wọ́n sì máa ń san ti oṣù méjì pọ̀ ní N10,000. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí owó ọkọ̀ sì fò sókè, wọ́n ní àwọn máa fún ilé mílíọ̀nù 12 ní N8,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, látinú $800 mílíọ̀nù tí wọ́n fẹ́ yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé. Ariwo ta! Kí lèèyàn fẹ́ fi N8,000 ṣe? Ìjọba ní àwọn máa tún un wò. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ó ti di N25,000 fún oṣù mẹ́ta, fún ilé mílíọ̀nù 15.

Kò pẹ́ tí wàhálà mìíràn tún dé. Lọ́jọ́ 8, oṣù kìn-ín-ní, 2024, Ààrẹ ní kí Betta Edu, mínísítà tí ọ̀rọ̀ kàn, lọọ rọ́ọ́kún nílé lórí ìwé kan tó ní kí wọ́n san N585 mílíọ̀nù sínú àkáǹtì ẹnì kan. Obìnrin náà ní òun ò ṣe ohun tó lòdì. Nígbà tó di ọjọ́ 12, wọ́n dá gbogbo ètò náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká fi tàwọn olóṣèlú sílẹ̀ ná, nítorí wàhálà tinú ilé ju tiwọn lọ. "Ilé" ni wọ́n ń ka owó náà sí. Kí ni wọ́n ń pè ní ilé ní Alímọ̀ṣọ́? Bàbá tó ní ìyàwó kan ní Ẹgbẹ́dá, tó ní òmíràn ní Ìgándò, ṣé ilé kan ni tàbí méjì? Fóònù ta ni álẹ́ẹ̀tì máa wọlé sí? Tó bá jẹ́ tìyálé, kí ni wọ́n fẹ́ wí fún ìyàwó kékeré? Owó tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ń gba tiẹ̀ kò ní irú ìjà yìí nínú. Àmọ́ ó lè ní tiẹ̀. Àwọn ọkọ kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé owó ti wọlé sọ́wọ́ ìyàwó ni wọ́n máa dáwọ́ owó oúnjẹ dúró: "Ṣebí ìjọba ti fún ẹ?" Ẹ̀yin ìyàwó ilé lẹ mọ̀ wọ́n jù.

Àwọn kan ti dán an wò ní Kẹ́ńyà. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní GiveDirectly ń fún gbogbo àgbàlagbà nínú àwọn abúlé kan níbẹ̀ ní nǹkan bí $22.50 lóṣù, orí fóònù ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, ọkọ ń gba tiẹ̀, ìyàwó ń gba tiẹ̀. Abúlé 44 ni wọ́n ṣèlérí ọdún 12 fún, ọdún méjì ni tàwọn 80 mìíràn, àwọn 71 sì gba tiwọn lápapọ̀, gbà-á-kó-o-máa-lọ. Abhijit Banerjee, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, wà lára àwọn onímọ̀ tó tọpasẹ̀ owó náà. Èsì wọn tó jáde ní 2023 kò bá tàwọn tó ń bẹ̀rù ọ̀lẹ mu rárá. Lápapọ̀, àwọn èèyàn náà ò dín iṣẹ́ kù, ọtí mímu ò sì pọ̀ sí i. Ohun tó yí padà ni pé àwọn kan fi iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ẹlòmíràn ṣe sílẹ̀, wọ́n dá òwò tara wọn. Nínú òwò yìí, àwọn tó gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo àtàwọn ọlọ́dún 12 ló ta yọ. Àwọn ọlọ́dún méjì ò rí tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló fà á? Ìyá alájà èyíkéyìí ní ọjà Ìkòtún lè dáhùn. Àjọ ni! Àwọn ọlọ́dún 12 ń dá àjọ láàárín ara wọn, kí owó kékeré oṣooṣù lè di owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tó bá kàn. Ẹni tó mọ̀ dájú pé owó ń bọ̀ nìkan ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun máa dá àjọ. Ta ló fẹ́ gba ẹni tí owó ẹ̀ lè dáwọ́ dúró lọ́la sínú àjọ? Olóṣù mẹ́ta ò lè ṣe é. Gbèsè ló máa fi san, tàbí kó fi ra gàrí, èèyàn ò sì lè pe ìyẹn ní ìwà òmùgọ̀.

Èkìtì náà ti tọ́ ọ wò. Ní 2011, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó aláìní tó ti tó ẹni ọdún 65 ní N5,000 lóṣù. Ìyá àgbà tó bá ní N5,000 lọ́wọ́ lè rán ọmọ ọmọ ẹ̀ ní epo pupa láìkọ́kọ́ wojú ìyàwó ọmọ. Ìjọba yí padà ní 2014, owó náà sì dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Ìkòtún àti Ìpájà, ọrùn wọn ni ẹrù padà sí.

Òótọ́ ni pé owó kékeré kọ́. Ètò ìkànìyàn 2006 ní èèyàn 1,277,714 ló wà ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba Èkó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Ká tiẹ̀ mú ti àkọ́kọ́, ká fún kálukú ní N5,000, ó ti lé ní N6.3 bílíọ̀nù lóṣù, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Owó ìrànwọ́ epo tọdún 2022 nìkan jẹ́ nǹkan bí N4.39 tirílíọ̀nù. Ká pín in fún èèyàn mílíọ̀nù 220, ó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí N1,660 lóṣù. Kò tó nǹkan o. Ṣùgbọ́n ilé tó ní èèyàn mẹ́fà máa gba nǹkan bí N10,000, ìyẹn ju N8,000 tí wọ́n pariwo lé lórí lọ, kò sì ní sí pé ẹnikẹ́ni ń wá orúkọ ẹ̀ kiri nínú ìwé aláìní.