Àwọn Ọ̀nà Inú Ọpọlọ: Ohun Tí Wọ́n So Pọ̀ àti Bí Ẹ Ṣe Lè Dáàbò Bò Wọ́n

Ìwé ìlàlóye fún aláìsàn, ẹbí àti gbogbo ará ìlú

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn, ohun tí ẹbí kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà mìíràn, ibi tí ọpọlọ ti ń ronú ṣì wà ní pípé. Ọ̀nà tó ń gbà rán iṣẹ́ ló já. Ìwé yìí ṣàlàyé àwọn ọ̀nà náà, ohun tó ń bà wọ́n jẹ́, àti ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín.

Kí ni apá funfun inú ọpọlọ?

Bí wọ́n bá la ọpọlọ, àwọ̀ méjì ni wọ́n máa rí. Èyí tó wà lókè jẹ́ àwọ̀ eérú. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń ronú, tí wọ́n sì ń pàṣẹ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì tó nǹkan bí ìdajì ọpọlọ àgbàlagbà. Fọ́nrán tín-ín-rín àìlóǹkà ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ láti apá kan dé èkejì.

Ọ̀rá kan tó ń jẹ́ myelin ló wé mọ́ wọn, òun ló sì sọ wọ́n di funfun. Iṣẹ́ tí rọ́bà ń ṣe lára wáyà iná ni myelin ń ṣe lára fọ́nrán. Èyí tí myelin wé dáadáa lè gbé iṣẹ́ ju mítà 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí kò ní myelin kì í sábà ju mítà 2 lọ.

Myelin kì í pé lára ọmọ tuntun. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wé. Apá iwájú orí, tó wà fún ìpinnu àti ìkóra-ẹni-níjàánu, ló ń kẹ́yìn, ó sì ń kọjá ọmọ ọdún 20 kó tó parí.

Oríṣi ọ̀nà mẹ́ta

*1. Èyí tó so òsì pọ̀ mọ́ ọ̀tún.* Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni corpus callosum, tó ní fọ́nrán bíi mílíọ̀nù 200. Ní Amẹ́ríkà, Roger Sperry yẹ àwọn aláìsàn kan wò tí wọ́n ti gé ọ̀nà yìí fún nítorí wárápá tó le. Bí wọ́n bá fi nǹkan sí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òsì láìjẹ́ kó rí i, kò lè dárúkọ rẹ̀, torí pé apá ọ̀tún ọpọlọ ni ìròyìn láti ọwọ́ òsì ń lọ, kò sì rí ọ̀nà dé apá òsì tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Síbẹ̀, ọwọ́ òsì kan náà lè ṣà á jáde láàárín àwọn nǹkan mìíràn. Sperry gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1981.

*2. Èyí tó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà.* Ọ̀kan nínú wọn ni arcuate fasciculus. Ó ti ìtòsí òkè etí, níbi tí a ti ń lóye ọ̀rọ̀, tẹ̀ kọrọdọ wá sí iwájú, níbi tí a ti ń ṣètò ohun tí a fẹ́ sọ. Bí ó bá já, aláìsàn lè gbọ́ yín yékéyéké, kó sì máa sọ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní kó tún un wí pé, "Mo fẹ́ lọ ra iṣu lọ́jà," ọ̀rọ̀ á máa ta kókó. Ó mọ̀ pé òun ṣì í. Á tún gbìyànjú, á sì tún ṣì í.

*3. Èyí tó so ọpọlọ pọ̀ mọ́ ara.* Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà pàṣẹ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti òkè orí sọ̀ kalẹ̀ sínú eegun ẹ̀yìn. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, nítòsí ọrùn, èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́nrán rẹ̀ ré kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdí nìyí tí ìpalára ní apá òsì ọpọlọ fi ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ.

Kí àwọn fọ́nrán yìí tó dé ibi tí wọ́n ti ń ré kọjá, wọ́n há mọ́ra ní ibi tóóró kan tó ń jẹ́ internal capsule. Níbẹ̀, ihò tí rọpárọsẹ̀ dá sílẹ̀, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, lè mú ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ihò bẹ́ẹ̀ lè wà níbòmíràn nínú ọpọlọ kí ẹni tó ni ín má mọ̀.

Kí ló ń bà wọ́n jẹ́?

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ apá funfun kéré púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru lójoojúmọ́, wọ́n á le, wọ́n á dí tàbí kí wọ́n bẹ́. Ìwádìí SIREN tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló léwu jù nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀. Àtọ̀gbẹ, ikùn tó yọ jù, sìgá, iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì àti àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé wà lára ìyókù.

Ìpalára náà lè rọra wá. Bí àgbàlagbà bá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí ìrònú rẹ̀ ń falẹ̀, tó ń gbàgbé nǹkan, ẹ má kàn sọ pé ogbó ló dé. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Àmì tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la

- Ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀kọ mímu ń dà jáde ní igun ẹnu.
- Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan rọ lójijì. Ó fẹ́ de bọ́tìnì, ọwọ́ kò gbà.
- Ọ̀rọ̀ ń lọ́, tàbí kò yé e mọ́.
- Ojú kò rí ẹ̀gbẹ́ kan mọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe

- Ẹ wo aago, ẹ kọ àkókò tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà fún àwọn kan, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò ó.
- Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó lè ya àwòrán ọpọlọ. Ẹ lè máa gbàdúrà nínú ọkọ̀, àmọ́ ẹ má yà síbì kankan.
- Ẹ má fún un ní oúnjẹ, omi, àgbo tàbí oògùn kankan; ó lè fún un lórí.
- Bí àmì náà bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ṣì lọ. Ìkìlọ̀ ni.

Lẹ́yìn ọsibítù

Fọ́nrán tó ṣẹ́kù lè kọ́ iṣẹ́ púpọ̀ bí wọ́n bá ń lò ó lójoojúmọ́, torí náà ẹ má fi eré ìdárayá tí wọ́n bá yàn fún aláìsàn ṣeré. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó lè fi orí dáhùn, kí ẹ sì fún un láyè.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ iye tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Bó bá tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà lọ kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí wọ́n bá sì fún yín lóògùn, ẹ má dá a dúró torí pé ara yín ti yá.